Bí Ọnọ́rébù Ọlápọ̀sí Ṣe Gba Sáńbórà Sílẹ̀ ní Bàrígà

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó rí níbi tí Ọnọ́rébù Ọlápọ̀sí ti ń sọ̀rọ̀, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì jókòó níbẹ̀ rí, Ọlọ́run ló yọ yín, ẹ má gbàgbé láti dúpẹ́. Ọkùnrin náà kì í kí ènìyàn ní "ẹ káàárọ̀" kó má fi ìtàn ayé kún un. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á kọ́kọ́ wúkọ́, á wo òkè, á ní, "Ní àkókò ìṣòro yìí nínú ìtàn ọmọ aráyé, ẹ bá mi bu omi." Kánsẹ́lọ̀ ni. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kan ní Bàrígà ni, n ò ní dárúkọ wọ́ọ̀dù náà nítorí ibẹ̀ ni mo ṣì ń gbé, àlàáfíà ni mo sì ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é ní kánsẹ́lọ̀, kò ní dá yín lóhùn. Orúkọ tó wà lára káàdì tó máa ń pín kiri ni Ọnọ́rébù Ajíhìnrere Onímọ̀-Ẹ̀rọ Amòfin-Lọ́la Ọlápọ̀sí. Ti Amòfin-Lọ́la yẹn, ó ti ń lọ sí ogún ọdún báyìí tí ọ̀la ò tíì mọ́.

Gọ́tà mẹ́ta ló wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dí. Fún ọdún mẹ́ta gbáko tó fi wà nílé ìgbìmọ̀, kò dá àbá kankan rí, àfi ọjọ́ tó ní kí wọ́n pa fáànù torí pé ó ń gbé fìlà òun. Àṣé ohun ńlá ló ń bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó rí aṣòfin òyìnbó kan tí wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ lọ́rùn torí pé ó sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọnọ́rébù ka ìṣẹ́jú náà. Inú rẹ̀ bà jẹ́ débi pé kò jẹun tán.

Dọlápọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dọlápọ̀ yìí ni Olùrànlọ́wọ́ Àgbà lórí Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ní tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi áńkáṣíìfù nu àga kí ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó, kó sì tún máa nù ún lẹ́yìn tó bá dìde, bóyá torí pé wọn ò fẹ́ kí ọlá náà kù sórí àga.

"Ọ̀gá," ni Dọlápọ̀ wí, "bí ẹ ṣe dákẹ́ yìí gan-an ló jẹ́ kí ogun pọ̀ láyé."

"O rí i bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ló rí i bẹ́ẹ̀, sà. Lójú yín ni wọn ò ti fẹ́ sọ ọ́."

Bí wọ́n ṣe wá Sáńbórà rí nìyẹn. Sáńbórà jẹ́ erékùṣù kékeré kan lókè òkun. Àwọn sójà orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Kẹ́sítà ló wọ ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọ́n sì jókòó lé ìlú onílùú títí dòní. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àwọn tó ni ìlú. Ṣùgbọ́n Ọnọ́rébù Ọlápọ̀sí gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti parí ọ̀nà àbáyọ.

Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ló fi ka àbá náà nílé ìgbìmọ̀. Ó gbé àwòrán ayé kọ́ ara ògiri, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí Sáńbórà, ọ̀pá náà sì bo orílẹ̀-èdè mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ìpinnu méje ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn sójà àjèjì náà mọ̀ pé àjèjì ni wọ́n. Èkejì ni pé kí ojú tì wọ́n. Ìkẹta ní kí gbogbo ọmọ aráyé wò wọ́n ní ìwò burúkú lọ́jọ́ kan náà, ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí a má sì ṣẹ́jú. N ò ní fi àárín yẹn dà yín láàmú. Ìkeje ni pé, bí wọ́n bá ti lọ tán, kí wọ́n gbẹ́ ère ẹni tó dá àbá náà sí àárín olú-ìlú Sáńbórà, kí ère náà wé gèlè, àní kó dé fìlà. Bí ó ṣe ṣì í kà nìyẹn, ó sì ní kí akọ̀wé kọ ti fìlà sílẹ̀.

Àwọn kánsẹ́lọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan tó ti ń sùn láti ìpinnu kejì ta jí, ó ní òun ti àbá náà lẹ́yìn. Munirat nìkan ló gbé ọwọ́ sókè. Kánsẹ́lọ̀ lápá Pẹ́dírò ni, nọ́ọ̀sì ló ti ṣe rí, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ọnọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Omi gọ́tà tiyín ló ń ṣàn wọ ọ̀dọ̀ mi. Èyí tí mo tún fẹ́ béèrè, oògùn téèyàn ò tíì dán wò, a kì í fún aláìsàn. Níbo lẹ ti dán èyí wò?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín ni, à bá kọ àbá náà sínú ìwé, eku ìbá sì jẹ ẹ́ ní àjẹgbádùn. Ṣùgbọ́n Ọnọ́rébù gẹ fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "N ó dán an wò. Níbí. Ní Bàrígà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ohun tó ní lọ́kàn rèé, mo bẹ̀ yín, ẹ rọra kà á. Òun fúnra rẹ̀ á háyà àwọn tó máa ṣe sójà àjèjì. Wọ́n á gba ibì kan. Wọ́n á fìyà jẹ àwọn ará ibẹ̀ díẹ̀, níwọ̀nba. Lọ́jọ́ Ẹtì, òun á dé pẹ̀lú kámẹ́rà, á sọ ọ̀rọ̀, ìpinnu méje á ṣiṣẹ́, sójà á kó ẹrù wọn. Gbogbo ayé á rí i pé ó ṣeé ṣe.

"Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó súnmọ́ omi," ni Dọlápọ̀ wí. "Erékùṣù ni Sáńbórà."

Ibi tó súnmọ́ omi tí wọ́n rí ni èbúté kékeré kan nísàlẹ̀ Ladi-Lak, níbi tí àwọn Ìlàjẹ, àwọn apẹja tó wá láti etí òkun Òǹdó, ti ń gúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń dé sí, ibẹ̀ ni ààrò tí àwọn obìnrin fi ń yan ẹja wà. Lápá ọ̀tún rẹ̀ ẹrẹ̀ ni, lápá òsì rẹ̀ ewé ojú omi ló dí i pa. Bí wọ́n bá ti ti èbúté yìí, ọkọ̀ ńlá ò ní ibòmíràn tó lè gúnlẹ̀ sí.

Sabina ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀. Japhet ọkọ rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. Àkókò tí obòkún ń pọ̀ lómi la wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa dé, tí ọkọ̀ á kún. Ẹja ò sì mọ̀ pé ọnọ́rébù ń dán àbá wò, bí oòrùn bá pa á fún wákàtí díẹ̀ tí kò rí ààrò, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àti ìlàágùn ọjọ́ márùn-ún.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni sójà dé. Àwọn méjìlá ni wọ́n, pẹ̀lú Godspower tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Àwọn tó máa ń ṣe sójà nínú fíìmù ni, àwọn tí ìbọn máa ń pa kí fíìmù tó wọra. Wọ́n ti rán kákí tuntun fún wọn, igi tí wọ́n kùn ní dúdú ni ìbọn wọn. Wọ́n ta okùn yí èbúté ká, wọ́n ri àsíà kan tí Dọlápọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yà mọ́lẹ̀, wọ́n dúró.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Godspower wí fún Sabina. "Ibí ti di Sáńbórà. A ti gbà á."

Sabina wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ni Sáńbórà? Ṣé ìdílé ọmọ onílẹ̀ kan ni? Àwa ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó ilẹ̀."

"Rárá, mà. Ìlú òkèèrè ni. Sójà Kẹ́sítà ni wá."

"Ará Kẹ́sítà wo ló ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Múṣin báyìí?"

"Ọmọ Múṣin ni mí, mà," ni Godspower wí, "ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ Ẹtì, ará Kẹ́sítà ni mí."

Nígbà tí Sabina gbọ́ pé ọwọ́ Ọnọ́rébù ni ọ̀rọ̀ ti wá, ó wé gèlè rẹ̀ le, ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́bàá Palmgrove. Ẹ kì í kàn wọ ọ́fíìsì yẹn o. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé, "Àlàáfíà dé," ẹnìkan nínú á sì dáhùn pé, "Ó ti dé tipẹ́," kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Sabina ní, "Ẹja mi ló fẹ́ dé." Wọ́n ní kò gbà á bó ṣe yẹ. Ó dúró fún wákàtí kan kó tó fi ìbínú sọ ọ́.

Níwájú dígí ló bá Ọnọ́rébù, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún. Ojú òsì ń ṣomi díẹ̀díẹ̀, ojú ọ̀tún ò tíì gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Sabina wí, "ọkọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ bá wa kó àwọn èèyàn yẹn kúrò kó tó dé. Tí a ò bá rí èbúté lò, gbogbo ẹja yẹn á jẹrà."

Ọnọ́rébù yíjú sí i tìfẹ́tìfẹ́. "Arábìnrin, ẹ má fi ìyà yín ṣòfò. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Ìyà tí ẹ ń jẹ yẹn ní ìtumọ̀. Bí kámẹ́rà bá dé tí ara yín ti balẹ̀, a ti tẹ́ nìyẹn. Agogo wo ni ọkọ yín ń dé?"

"Lọ́sàn-án, sà."

"Áà, ó dáa gan-an. Dọlápọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Kó dúró lójú omi. Á jẹ́ kí ayé rí i pé ìdènà wà lójú omi pẹ̀lú."

Dọlápọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Sabina dúró díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ sí irú nǹkan báyìí. Kò rí i ní èdè Yorùbá, kò rí i ní ti Ìlàjẹ tí wọ́n ń sọ nílé. Ó jáde, ó sì sunkún lójú títì. Kò kọ́ ọ níwájú dígí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ká dé Ṣómólú, torí ibẹ̀ ni òfò Ọnọ́rébù ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bí ìwé bá wà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ l'Ékòó, Ṣómólú ni wọ́n ń gbé e lọ. Dọlápọ̀ ti kọ Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́gun tí ọ̀gá rẹ̀ máa sọ lọ́jọ́ Ẹtì, ogun tí kò tíì jà ni o, ó sì ti kọ ibi tó ti máa sunkún, ibi tí àwọn èèyàn ti máa kígbe, gbogbo rẹ̀. Ó gbé e lọ fún Alágbà Yísà atẹ̀wé pé kó tẹ ẹgbẹ̀rún méjì, kí wọ́n lè pín in fún àwọn oníròyìn. Yísà tẹ̀ ẹ́, ó gbé e wá. Ọnọ́rébù wo ojú ìwé àkọ́kọ́, ó figbe ta.

"Ajíhìnrere wà níbẹ̀, Onímọ̀-Ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Amòfin-Lọ́la mi dà?"

Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Dọlápọ̀ dọ̀bálẹ̀. Yísà ní òun lè fi báírò kọ ọ́ kún un. Ọnọ́rébù ní kí wọ́n kó gbogbo ẹgbẹ̀rún méjì náà dànù, kí wọ́n tẹ òmíràn.

Ṣé ẹ ti rí àṣìṣe ibẹ̀? Ní Ṣómólú, kò sí ohun tó ń jẹ́ kó ìwé dànù. Ìwé tó bà jẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ní oníbàárà tirẹ̀. Rọ̀kíbátù ló máa ń wá kó tọ̀dọ̀ Yísà, ó sì máa ń gbé e lọ fún àwọn tó ń fi bébà pọ́n nǹkan: ẹlẹ́pà, oníbúrẹ́dì, ẹlẹ́ja. Àwọn obìnrin èbúté ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́rú, Rọ̀kíbátù ru Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́gun, ó gbé e sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sabina, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí lẹ́yìn okùn tí wọ́n ń ta ẹja yíyan tó ṣẹ́kù.

Sabina mú ojú ìwé kan, ó gbé èpìyà mẹ́ta lé e, ó fẹ́ ká a. Ó wò ó. Ó gbé èpìyà kúrò.

"Ẹ gbọ́ ná," ló wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

Ó kà á títí dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, *níbí ni àwọn obìnrin yóò ti bú sẹ́kún. Bí wọn kò bá sunkún, kí Dọlápọ̀ pín àlùbọ́sà*. Ibẹ̀ ni Oyinkọ́lá ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oyinkọ́lá ni olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà létí omi níbẹ̀, àwọn obìnrin èbúté ló sì pọ̀ jù nínú akọrin rẹ̀. Obìnrin yìí ti fi ọjọ́ méjì kọ́ wọn ní Sáàmù tó gùn jù lọ rí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lórí láìwo Bíbélì.

"Ojú ìwé mẹ́rin péré," ni Oyinkọ́lá wí. "Ọ̀la la máa mọ̀ ọ́n tán."

Sabina ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹja ni mò ń sọ, ẹ̀ ń sọ ti orin."

"Ìwọ lo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ bí?"

Sabina mú ojú ìwé kejì. Láti ọjọ́ yẹn, ó kàn án nípá fún gbogbo wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ fún àwọn sójà náà lóúnjẹ. Ẹ sì jẹ́ kí n fi kún un pé nínú ìpinnu méjèèje àti ojú ìwé mẹ́rin, kò sí ibi tí Ọnọ́rébù ti rántí pé sójà máa ń jẹun. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ìgbànú Godspower ti wọ ihò kẹta.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Kánópì mẹ́rin, àga ìgbafẹ́, àsíà, tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé e jáde bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ilé ìgbìmọ̀ wá, Munirat pẹ̀lú. Ìyàwó Ọnọ́rébù jókòó níwájú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àlejò pàtàkì, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Màríníà, ọmọ Sáńbórà gidi, tó sá kúrò nílùú wọn nígbà tí sójà dé, tó ti ń gbé l'Ékòó láti ọjọ́ yẹn, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní dùùrù ní Palmgrove. Dọlápọ̀ ló wá a rí. Wọ́n ti tẹ ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n kọ "Olùgbàlà Sáńbórà" sí, òun ló máa buwọ́ lù ú, òun ló máa gbé e fún Ọnọ́rébù. Wọn ò sọ fún un pé eré ni. Wọ́n ní ìpàdé àdúrà fún ìlú rẹ̀ ni.

Lójú omi lọ́hùn-ún, ọkọ̀ Japhet ti dé. Ó dúró sí ìta okùn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ dákẹ́, oòrùn ń pa á. Sabina rí i.

Ọnọ́rébù gun pèpéle. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu.

"Ẹ̀yin ará Sáńbórà, ẹ̀yin ará Bàrígà..."

"Ẹ̀yin ọmọ aráyé lápapọ̀," ni ohùn ogójì obìnrin wí láti ẹ̀yìn okùn, ní ohùn kan ṣoṣo.

Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí wọn. "Mo dé, mo bá ẹ̀jẹ̀..."

"Mo dé, mo bá omijé," ni àwọn obìnrin wí. "Wọ́n ní kí n má lọ. Aya mi di aṣọ mi mú. Mo ní, obìnrin, fi mí sílẹ̀, ayé ń pè mí."

Gbogbo ojú yí sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà wo ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "N ò di aṣọ ẹnikẹ́ni mú o. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọnọ́rébù wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó fo ìlà méjì, bóyá á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Oyinkọ́lá kàn gbé ìka sókè ni, gbogbo wọn fò ó pẹ̀lú rẹ̀. Ó yára, wọ́n yára. Ó rọra, wọ́n rọra.

"Níbí ni Ọnọ́rébù yóò ti dákẹ́," ni wọ́n wí, "yóò yọ áńkáṣíìfù, yóò nu ojú òsì."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin náà ti kọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta níwájú dígí. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú òsì. Àwọn kánsẹ́lọ̀ fẹ́ kú sórí àga. Ẹni tó máa ń sùn nínú wọn ò sùn lọ́jọ́ náà.

"Kí Dọlápọ̀ pín àlùbọ́sà," ni àwọn obìnrin wí. Àlùbọ́sà wà nínú báàgì Dọlápọ̀ lóòótọ́. Kámẹ́rà rí i.

Ibẹ̀ ni ká ní ọlọ́gbọ́n ni, ì bá ti rẹ́rìn-ín, ì bá ní ẹ̀fẹ̀ ni, ì bá jókòó. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọnọ́rébù ju ìwé sílẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ dákẹ́," ló wí. "Ta ló ni yín? Ta ló ni èbúté? Èmi ni mo kó wọn wá síbí, èmi nìkan ló lè kó wọn lọ. Tí mo bá tún gbọ́ pípẹ́nrẹ́n, wọ́n á wà níbí títí tí ẹ ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Ṣebí nítorí ire yín ni mo ṣe ń ṣe é, aláìmoore gbogbo."

Máìkì gbé e dé Pẹ́dírò. Tẹlifíṣọ̀n gbé e kọjá ibẹ̀.

Màríníà dìde. Ó ṣe díẹ̀ kó tó nàró tán, torí orókún. Ìwé ẹ̀rí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí, ní Yorùbá rẹ̀ tó ṣì ní ohùn ìlú rẹ̀ nínú. "Mo rò pé mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láyé mi. Ọ̀gágun tó kó wọn wọ ìlú wa, orí pèpéle bí eléyìí ló dúró sí. Ohun tó sọ náà nìyẹn. Ó ní nítorí ire wa ni. Ó ní tí a bá dákẹ́, wọ́n á lọ."

Kò ya ìwé ẹ̀rí. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó ní òun ò ní buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí omi.

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Ọkọ mi ni, mà," ni Sabina wí.

"Kí ló dé tí kò wọlé?"

Sabina nawọ́ sí okùn. Màríníà dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn lọ síbi okùn. Ọnọ́rébù ń pariwo pé kí sójà dá wọn dúró. Godspower wo ìyá àgbà náà, ó wo igi tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Ọ̀gá," ló wí, "láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ti ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ yín. Mi ò ṣe Kẹ́sítà mọ́."

Ó tú okùn. Àwọn tó kù fi igi wọn lélẹ̀, wọ́n bọ́ sómi dé orókún, wọ́n bá Japhet fa ọkọ̀ gúnlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èéfín ti ń jáde látinú ààrò. Ẹja tó wà lókè ti rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ṣì dára. Afẹ́fẹ́ gbé èéfín náà lọ sábẹ́ kánópì, àwọn àlejò pàtàkì ń wúkọ́, wọ́n ń wá bàtà wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí bá Ọnọ́rébù nu àga. Dọlápọ̀ ti lọ. Mo gbọ́ pé kó tó di ọjọ́ Àìkú, ó ti ń nu àga ẹlòmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Munirat dá àbá kan nílé ìgbìmọ̀, ìlà méjì péré ni: kí wọ́n gba gbogbo ipò tí Ọlápọ̀sí dì mú nínú ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ti èbúté àwọn apẹja mọ́. Kánsẹ́lọ̀ olóorun tó ti àbá Sáńbórà lẹ́yìn ló tún ti èyí lẹ́yìn, ojú rẹ̀ là kedere lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí ìdìbò dé, ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlápọ̀sí ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá níwájú ilé rẹ̀ báyìí, ẹ lè kí i. Á dáhùn bí ẹ bá pè é ní kánsẹ́lọ̀, ó kàn jẹ́ pé kò jẹ́ kánsẹ́lọ̀ mọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Màríníà ò tíì lọ. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpótí níwájú ààrò, ó ń bá Sabina la inú obòkún. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ó ní apẹja ni bàbá òun, èbúté wọn sì ni sójà kọ́kọ́ gbà.

Ojú ti Sabina díẹ̀. "Mà, ẹ má bínú sí wa," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́rin péré ni tiwa, a wá ń pariwo tó báyẹn."

"Ẹ ṣeun tí ẹ pariwo," ni Màríníà wí. "Àwa, lọ́jọ́ kẹrin, a ṣì ń sọ fún ara wa pé wọ́n á lọ lọ́jọ́ karùn-ún."

Ó na ọwọ́, ó mú ẹja mìíràn.